Kí ni S → NP VP ń wá nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá? Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí mátíìsì ń dẹ́rù bà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní 200 level ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ló kọ̀wé sí mi, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ràn mátíìsì rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n yan èdè, àmọ́ olùkọ́ wa ṣàdédé kọ S → NP VP sójú bọ́ọ̀dù, ó ní formal language là ń kọ́, ó tún wá ń fi a àti b ṣe gbólóhùn. Ta ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí, kí ló da mátíìsì pọ̀ mọ́ èdè, kí ló sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá?”

Àbúrò, o kú ìwé kíkà o. Mi ò ní dá ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan torí inú ara wọn ni wọ́n wà. Èsì kúkurú ni pé wọn ò dá formal language sílẹ̀ kéèyàn lè máa fi í sọ̀rọ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára òfin kan mọ, ohun tó lè ṣe àti ohun tí ò lè ṣe láéláé, ibi “ò lè ṣe” yìí gan-an sì ni àǹfààní ẹ̀ pọ̀ sí jù lójú tèmi, ibẹ̀ náà ni Yorùbá ti bá wọn wọ ọ̀rọ̀ náà, o máa rí i láìpẹ́.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Yan àmì díẹ̀, ìyẹn ni ábídí rẹ. Tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bó ṣe wù ẹ́. Wá sọ èwo nínú àwọn ìtò yẹn ló wọlé àti èwo ni ò wọlé. Àpapọ̀ àwọn tó wọlé, òun ni formal language, ó tán. Kò sí ìtumọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́, kò sí “ẹ kú àárọ̀”.

Tó o bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó wà nítòsí, wo ojú ọpọ́n Ifá. Àmì méjì péré ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn, yálà ìlà kan tàbí ìlà méjì. Odù kọ̀ọ̀kan ní apá ọ̀tún àti apá òsì, àmì mẹ́rin-mẹ́rin ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, àmì mẹ́jọ lápapọ̀, ọ̀nà méjì sì ni àmì kọ̀ọ̀kan lè gbà jẹ́, tó o bá wá kọ 2 lẹ́ẹ̀mẹjọ, tó o sì sọ wọ́n di púpọ̀ (2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2), 256 lo máa bá níbẹ̀, iye odù Ifá náà nìyẹn. Ábídí alámì méjì, èdè tó ní ọ̀rọ̀ 256, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì gùn dọ́gba. Wá wo ojú odù 16, láti Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, títí dé Òfún Méjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lára 240 tó kù ni pé ohun tó wà lápá ọ̀tún gan-an ló wà lápá òsì, ìtò kan náà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fi ìtò tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yìí sọ́kàn, torí òun ló máa fa wàhálà gbogbo. (Kí ẹnikẹ́ni má sì wá gbé e lọ síbi pé babaláwo ló ṣe kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa ò gba Ifẹ̀ kọjá.)

Ọ̀nà tó gbà wá, ọ̀nà mátíìsì ni. Lọ́dún 1879, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gottlob Frege, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Jena, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó pè ní Begriffsschrift. Ohun tó ń dùn ún ni pé èdè tá a fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ máa ń jẹ́ kí nǹkan yọ́ wọlé, èèyàn á máa tú ẹ̀rí kan palẹ̀, á fo ìgbésẹ̀ kan láìfura torí pé ó ti hàn lójú tiẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ náà á sì máa mi orí. Frege fẹ́ àmì tí ò ní gba irú ẹ̀ láàyè, tó jẹ́ pé ẹni tí ò tiẹ̀ mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà lè fi ojú lásán yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin àbí wọn ò tẹ̀lé e. Àwọn kan ti rò ó ṣáájú ẹ̀, Leibniz ti ń lá irú àlá bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú, George Boole náà ti sọ “àti” pẹ̀lú “tàbí” di ìṣirò ní 1847, àmọ́ ti Frege ló kọ́kọ́ kún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rí mátíìsì gidi fi lè gba inú ẹ̀ kọjá.

Ó wá lọ kọ́ ìwé ńlá lé e lórí, ó fẹ́ fi hàn pé inú lọ́jíìkì lásán ni gbogbo ìṣirò ti wá. Apá kejì ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé nígbà tí lẹ́tà Bertrand Russell dé láti England ní oṣù kẹfà ọdún 1902. Russell ní kó wo àkójọ gbogbo àkójọ tí ò sí nínú ara wọn, ṣé òun fúnra ẹ̀ wà nínú ara ẹ̀? Tó bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀, tí ò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Òfin Frege ló gba irú àkójọ bẹ́ẹ̀ láàyè, bí ilé ṣe wó nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé ìtìjú ló jẹ́ fún Frege, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi kọ ìwé náà, ta ni ì bá rí ihò yẹn? Torí pé ó kọ gbogbo òfin ẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́ ni ẹlòmíì fi lè na ìka sí èyí tó bàjẹ́ gan-an.

Látibẹ̀ ni David Hilbert, onímátíìsì kan ní Göttingen ní Jámánì, ti ní ká kúkú mú ẹ̀rí mátíìsì bí ìtò àmì lórí pépà, ká wá fi hàn pé kò sí ìtò kankan tó bófin mu tó máa parí sí 0 = 1. Ní 1928, òun àti Ackermann tún béèrè bóyá ìlànà kan wà tó lè sọ, fún gbólóhùn lọ́jíìkì èyíkéyìí, bóyá ó tọ̀nà nígbà gbogbo. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí kọ́ọ̀sì mìíì nìyẹn: Gödel fi hàn ní 1931 pé ohun àkọ́kọ́ tí Hilbert fẹ́ ò ní í ṣe é ṣe bó ṣe rò ó, Church àti Turing sì dá ìkejì lóhùn ní 1936 pé rárá, kò sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Kí Turing tó lè sọ pé “kò sí”, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí “ìlànà” jẹ́ gan-an, bó ṣe di pé ó ṣe ẹ̀rọ kan lórí pépà nìyẹn, tó ń ka àmì, tó ń pa àmì rẹ́, tó ń kọ òmíì.

Ẹni tí mo fẹ́ kó o mọ̀ dáadáa ni Axel Thue, ará Norway, torí wọn kì í sábà dárúkọ ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Lọ́dún 1906 ó béèrè ohun tó dà bí eré ọmọdé: ṣé èèyàn lè máa to lẹ́tà lọ láìdúró, láìjẹ́ kí ìtò kankan tún ara ẹ̀ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Gbìyànjú ẹ̀ báyìí pẹ̀lú a àti b nìkan. Kọ a. Tó o bá tún fi a sí i, aa ti di àpètúnpè, a jẹ́ pé b lo máa fi sí i: ab. Tó o bá fi b sí i, bb dé, torí náà fi a sí i: aba. Ó ku ìkẹrin. Fi a sí i, aa ti wà lẹ́yìn. Fi b sí i, ó di abab, ab tẹ̀lé ab. Kò sí ibi tó o fẹ́ gbà, lẹ́tà mẹ́ta lo lè rìn mọ. Àmọ́ tí wọ́n bá fún ẹ ní c mọ́ ọn, Thue fi hàn pé o lè máa tò ó lọ títí ayé láìsí àpètúnpè kankan. Àwa tá à ń sọ panápaná, jagunjagun, gbénàgbénà, díẹ̀díẹ̀, a ò lè bá Thue ṣe irú eré yẹn ṣá.

Ní 1914 ó tún mú òmíì wá. Ká ní a ní òfin tó ń sọ pé ibi tó o bá ti rí ìtò yìí, yọ ọ́, kó o fi tọ̀hún sí ipò ẹ̀. Tí mo bá wá kọ ìtò méjì fún ẹ, ṣé o lè sọ bóyá èyí lè di ìyẹn? Ó dà bíi pé kò le. Ó tó ọdún 33 kí ìdáhùn tó dé, nígbà tí Emil Post ní New York àti Markov ní Rọ́ṣíà, tí oníkálukú wọn dá tiẹ̀ ṣe, fi hàn ní 1947 pé kò sí ìlànà kan tó lè dáhùn ẹ̀ fún gbogbo òfin. Post yìí náà ló ti fi hàn, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1943, pé òfin “yọ èyí, fi ìyẹn rọ́pò ẹ̀” tó láti gbé gbogbo lọ́jíìkì.

Ibẹ̀ ni ọfà tí olùkọ́ yín kọ sójú bọ́ọ̀dù ti ń bọ̀. S → NP VP, ohun tó ń sọ ò ju pé níbi tó o bá ti rí S (gbólóhùn), yọ ọ́, fi NP (àpólà orúkọ) àti VP (àpólà ìṣe) sí ipò ẹ̀. Kò sí ìròpọ̀ ńbẹ̀, kò sí ìyọkúrò, ojú kan tó mọ̀wé tó sì ní sùúrù ti tó. Torí náà tí “mátíìsì” bá túmọ̀ sí ohun tí wọ́n fi dà ẹ́ láàmú ní sẹ́kọ́ńdírì, fọkàn balẹ̀, òun kọ́ nìyí.

Noam Chomsky, tó wà ní MIT nígbà yẹn, ló gbé e dé ilé èdè ní 1956. Ìbéèrè ẹ̀ ni pé tá a bá fẹ́ kọ òfin tó máa pèsè gbogbo gbólóhùn èdè kan, láìfi ojúlówó kankan sílẹ̀, láìmú ayédèrú kankan wọlé, irú òfin wo ló lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ó wá pín àwọn òfin sí ìpele mẹ́rin, ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀, tá a bá fojú ẹ̀rọ wò ó, ni irú ìrántí tí ẹ̀rọ tó ń ka gbólóhùn náà ní.

Èyí tó kéré jù ò ní ìrántí kankan ju ipò tó wà lọ, wọ́n ń pè é ní finite-state, Kleene ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀ ní 1951 níbi tó ti ń wo àwòṣe iṣan ọpọlọ tí McCulloch àti Pitts gbé jáde ní 1943. Má fojú kéré ẹ̀ o. Wo gbólóhùn yìí: Adé sọ pé Bọ́lá sọ pé Títí sọ pé òjò rọ̀. O lè máa fi “sọ pé” kún un títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń ní àìlópin yìí ló fi hàn pé èdè le. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ tó kéré jù yìí máa ń ṣe é láìlàágùn, ó rí orúkọ, ó rí “sọ pé”, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò nílò láti rántí Adé mọ́.

Èyí tó máa dà á láàmú rèé: Ọkùnrin tí obìnrin tí ajá gé jẹ pè ti lọ. Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, fara balẹ̀. Ta ló lọ? Ọkùnrin. Ta ló pè é? Obìnrin. Kí ló gé obìnrin jẹ? Ajá. Orúkọ mẹ́ta tẹ̀léra wọn, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta wá tẹ̀lé wọn, àmọ́ ní ìdàkejì, orúkọ tó dé gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ìṣe tiẹ̀. Kò dùn ún gbọ́, mo mọ̀, tó bá sì di mẹ́rin ẹnikẹ́ni ò ní lè gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n ohun tí Chomsky ń sọ ni pé òfin ò sọ ibi tó yẹ ká dúró, àárẹ̀ ọpọlọ ló ń dá wa dúró. Àwọn a àti b olùkọ́ yín náà nìyẹn: S → a S b, pẹ̀lú S → a b, máa ń pèsè ab, aabb, aaabbb, iye a gbọ́dọ̀ bá iye b mu, fi orúkọ sí ipò a, fi ọ̀rọ̀ ìṣe sí ipò b, o ti padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa. Ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣe èyí gbọ́dọ̀ ní ìrántí tí wọ́n ń pè ní stack, ó dà bí àwo tí wọ́n tò lé ara wọn níbi ìnáwó, èyí tí wọ́n gbé lé e gbẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ìpele kejì láti ìsàlẹ̀ nìyẹn, context-free. Ìpele kẹta àti ìkẹrin wà lókè ẹ̀, ìkẹrin ò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ Turing, kò sí ohun tí ìlànà kan lè ṣe tí òun ò lè ṣe, ìdí nìyẹn tí ò fi wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí èdè ṣe rí, torí ohun tó gba gbogbo nǹkan ò sọ nǹkankan fún ẹ.

Ó wá ku ìbéèrè kan nílẹ̀ tó lé ní ogún ọdún: ṣé stack yẹn tó fún èdè èèyàn? Àwọn kan kọ̀wé pé kò tó, Pullum àti Gazdar yẹ ẹ̀rí wọn wò ní 1982, wọ́n ní kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Ọdún 1985 ni ẹ̀rí gidi dé, méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Stuart Shieber mú èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ ní Switzerland wá, níbi tí orúkọ máa ń tò síwájú, tí ọ̀rọ̀ ìṣe á tò sẹ́yìn, àmọ́ tí orúkọ àkọ́kọ́ á bá ọ̀rọ̀ ìṣe àkọ́kọ́ lọ, ìkejì á bá ìkejì lọ, ìrísí orúkọ fúnra ẹ̀ ló sì ń fi hàn, torí ọ̀rọ̀ ìṣe “ràn lọ́wọ́” wọn ń béèrè irú kan, “kun ilé” ń béèrè òmíì. Ìkejì ti ọ̀dọ̀ wa wá, láti Mali. Christopher Culy mú èdè Bambara wá: wulu ni ajá, wulu o wulu ni ajákájá, ìyẹn ajá yòówù kó jẹ́. Ẹni tó ń wá ajá ni wulunyinina, ẹni yòówù tó ń wá ajá wá di wulunyinina o wulunyinina. Ọ̀rọ̀ náà lè máa gùn sí i, bó bá sì ṣe gùn tó, ohun tó wà lọ́wọ́ òsì gbọ́dọ̀ bá tọwọ́ ọ̀tún mu láìku síbì kan.

Kí ló dé tí èyí fi borí stack? Gbìyànjú panápaná. Tọ́jú p, a, n, a sórí ara wọn. Ìdajì kejì dé, p ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ wa fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ti àkọ́kọ́ mu, àmọ́ a tó gbẹ̀yìn ló wà lókè, p ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó máa ní láti gbé gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò kó tó dé ìdí ẹ̀, tó bá sì ti gbé wọn, ó ti gbàgbé wọn nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìdajì kejì kọ ara ẹ̀ sẹ́yìn, anap, wẹ́rẹ́ ni stack máa ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí nǹkan padà sẹ́yìn àti kí nǹkan tún ara ẹ̀ sọ, ojú lásán ò lè rí i pé ó tóbi tó yẹn, formal language ló jẹ́ ká rí i.

Àwọn ojú odù 16 ńkọ́? Wọn ò le rárá. Àmì mẹ́rin ni apá kọ̀ọ̀kan ní, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tó kéré jù lọ lè há gbogbo mẹ́rìndínlógún sórí. Ìgbà tí ohun tí wọ́n ń tún sọ ò bá ní gígùn tó lópin ni ìjà dé. Ìbéèrè tó yẹ ká bi Yorùbá nìyẹn: àpètúnpè tiwa, ṣé ó lópin?

Panápaná, kólékólé, gbọ́mọgbọ́mọ, wọ́n mọ níwọ̀n, o lè kọ wọ́n sínú ìwé atúmọ̀. Ilékílé, aṣọkáṣọ, ọmọkọ́mọ, owókówó, ìwọ̀nyí náà, orúkọ ló máa ń sábà wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé apẹjakápẹja àti irú wọn ń fẹ̀ ẹ́ sí i. Ibi tó gbóná gan-an ni gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ọ̀rọ̀ ìṣe, níbi tí wọ́n ti ń tún apá kan ọ̀rọ̀ nìkan sọ, bíi rà tó di rírà. A lè sọ pé “rírà tí Adé ra adìẹ ló bí wa nínú”, a tún lè sọ pé “rírà adìẹ tí Adé ra adìẹ ló bí wa nínú”. Nínú ìkejì, adìẹ bá ọ̀rọ̀ ìṣe lọ síwájú, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ adìẹ lẹ́yìn náà, o ò lè sọ pé “rírà adìẹ tí Adé ra ẹja”, ẹnu ò gbà á. Tún fẹ̀ ẹ́: “rírà adìẹ sè tí Adé ra adìẹ sè”. Odindi àpólà ìṣe ló dà kọ yìí, o sì mọ̀ pé Yorùbá lè to ọ̀rọ̀ ìṣe tẹ̀lé ara wọn bó ṣe wù ú. Gregory Kobele gbé irú gbólóhùn yìí wò nínú iṣẹ́ dókítà tó ṣe ní UCLA ní 2006, ó fi wọ́n jiyàn pé àdàkọ gbọ́dọ̀ wà lára irinṣẹ́ gírámà fúnra ẹ̀, pé kì í ṣe ohun téèyàn lè fi ọgbọ́n mìíì rọ́pò. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí bí agbára èdè èèyàn ṣe tó, Yorùbá wà lára àwọn ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí nìyẹn, torí wọ́n sábà máa ń kọ́ kọ́ọ̀sì yìí bíi pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ńbẹ̀.

Ti ìwúlò ojoojúmọ́ kò ṣòro. Ní 1959, John Backus gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ìpàdé kan ní Paris láti fi kọ gírámà èdè kọ̀ǹpútà, Peter Naur fi kọ ìròyìn èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ALGOL ní 1960, kò yàtọ̀ sí context-free Chomsky, ọ̀pọ̀ jù lọ èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù lónìí ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹnì kan tiẹ̀ ní 1967 dábàá pé kí wọ́n fi orúkọ Pāṇini sí i, onígírámà Sanskrit ní India àtijọ́, tó ti ń fi òfin kúkúrú bí 4,000 ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú kí wọ́n tó bí Jésù. Ken Thompson ní tiẹ̀ gbé finite-state wọnú kọ̀ǹpútà ní 1968, ibẹ̀ ni regex tí gbogbo èèyàn fi ń wá ọ̀rọ̀ ti wá. Tó o bá ní àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú fáìlì kan, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan, ní kí grep -E (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi regex wá ọ̀rọ̀) wá '^(.+)\1$' fún ẹ, panápaná àti jagunjagun á yọ, wolé-wolé ò ní yọ torí àmì àárín ẹ̀, ilékílé náà ò ní yọ. \1 yẹn ló ń ṣe àdàkọ, ó sì ti kọjá ohun tí Kleene pè ní regular, ìyẹn ohun tí finite-state lè ṣe.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá, finite-state lásán ti tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan, Kimmo Koskenniemi ti fi ṣe é fún èdè Finland láti 1983. Mú lẹ́tà n. Tí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e, kọ́ńsónáǹtì ni, bíi ti ọ̀nà. Tí àmì ohùn bá wà lórí ẹ̀, sílébù ló dá jẹ́, bíi ti gògóńgò. Tó bá wà lẹ́yìn fáwẹ̀lì tí kò sí ìkankan nínú méjèèjì, ó kàn ń sọ fún ẹ pé fáwẹ̀lì náà gba imú jáde ni, bíi ti ìbọn. Òfin mẹ́ta, kò gba stack, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti gé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fi àmì sí dáadáa sí sílébù sílébù. Bóyá ẹ̀rọ ìfohùnsọ̀rọ̀ lo fẹ́ ṣe ni, bóyá ayẹ̀wò sípẹ́lì, ibẹ̀ lo máa ti bẹ̀rẹ̀, o ò sì ní máa wá irinṣẹ́ ńlá sí iṣẹ́ kékeré.

Àwọn tó ń sọ pé AI ti mú gbogbo èyí kúrò ńlẹ̀, mi ò bá wọn lọ. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí tẹ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti fi ìpele Chomsky dán oríṣiríṣi neural network (ètò AI tó ń kọ́ nǹkan látinú àpẹẹrẹ) wò, wọ́n fi ìtò kúkúrú kọ́ wọn, wọ́n wá fún wọn ní èyí tó gùn, ọ̀kan lára ohun tó yọ wọ́n lẹ́nu ni kí wọ́n kọ ìtò kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ní ìrántí bíi ti ẹ̀rọ Turing, tó lè kọ àmì sí, tó sì lè pa á rẹ́, ló là á já. Àpètúnpè tún ni.

Kò sọ gbogbo nǹkan fún ẹ ṣá o. Òfin tó gba “o ti jẹun” wọlé náà ló ń gba “ẹ ti jẹun” wọlé, kò mọ̀ pé ìyá ọkọ lò ń bá sọ̀rọ̀. Richard Montague kọ̀wé ní 1970 pé kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín èdè èèyàn àti èdè àwọn onílọ́jíìkì, ó gbé ìtumọ̀ wọnú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ èmi rò pé ó sọ ọ́ jù.

Ohun tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣe rèé. Àwọn tí mo bi léèrè nípa “rírà adìẹ sè tí Adé ra adìẹ sè” ò fẹnu kò, àwọn kan gbà á, àwọn kan ní “rírà tí Adé ra adìẹ sè” nìkan ni wọ́n lè sọ. Bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ní pàtàkì àwọn àgbà tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ èdè, má sọ ohun tó ò ń wá fún wọn, lo ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta tó bá ṣe é ṣe, bíi “rírà adìẹ sè jẹ”, kọ ìlú tí oníkálukú ti wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.